Òkúta Ewékorò Kò Bá Ọlọ́run Jà

"Ẹ kọ ọ́ fún WAEC o, ẹ má gbà á gbọ́." Gbólóhùn yìí ti di orin lẹ́nu àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa. Ní Alímọ̀ṣọ́ wa ní Èkó, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdìmú dé Ìgàndò, bí wọ́n bá ti dé orí ẹfolúṣọ̀n, olùkọ́ á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ SS3 pé ọ̀rọ̀ Darwin tí òun fẹ́ kọ sójú pátákó yìí, ìdánwò nìkan ló wà fún. Pásítọ̀ á tún un sọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ààfáà á fi kún un lọ́jọ́ Jímọ̀, òbí á sì ṣe àmín sí i nílé. Mélòó nínú wọn ló bi ara rẹ̀ léèrè pé ẹ̀kọ́ wo gan-an ni à ń kọ́ ọmọ nígbà tí a bá ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí a ti sọ fún un pé irọ́ ni, kó ṣáà lè gba máàkì?

Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbà pé Ọlọ́run ló dá ọ̀run òun ayé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: àwọn eegun, eyín àti ìkarahun tó ti di òkúta nínú ilẹ̀, èyí tí à ń pè ní fọ́sìlì, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń sọ pé ayé ti pẹ́ gan-an, pé àwọn ẹ̀dá ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, pé àwa ènìyàn náà wà nínú ẹbí ńlá yẹn. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ẹni tó ní ká má gbà á ló ń fi orúkọ Ọlọ́run bo ohun tí Ọlọ́run fi síta mọ́lẹ̀.

Ká má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn, nítorí òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n. Wọ́n ní Jẹ́nẹ́sísì sọ pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé, pé erùpẹ̀ ló fi mọ ènìyàn. Kùránì náà sì sọ pé amọ̀ ni. Wọ́n ní bí a bá ka ìran àwọn bàbá ńlá inú Bíbélì, ayé ò ju nǹkan bí 6,000 ọdún lọ. Wọ́n ní ìkún omi ìgbà Nóà ló gbá gbogbo ẹ̀dá wọnú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni fọ́sìlì sì ti wá. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ara ọ̀bọ ni ènìyàn ti jáde, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà lórí igi? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rí ẹ̀dá agbedeméjì rí, tí a lè nàka sí pé òun ló wà láàárín ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé èyí tó dùn wọ́n jù jáde: òyìnbó ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá, òyìnbó kan náà tó fi ọ̀bọ wé aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tí a bá sì kọ́ pé ẹranko ni, ìwà ẹranko ni yóò máa hù.

Ẹ̀rù òbí ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù pé ọmọ á kàwé títí á fi sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Mo mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa, mi ò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù kì í sọ irọ́ di òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí 6,000 ọdún. Orí wo, ẹsẹ wo ni Bíbélì ti kọ ọ́? Kò sí níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ará Ireland kan, James Ussher, ló jókòó ro ọjọ́ orí àwọn bàbá ńlá pọ̀, tó sì tẹ̀wé jáde lọ́dún 1650 pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Jésù ni a dá ayé, nínú oṣù Kẹwàá. Nígbà tó yá, àwọn tó ń tẹ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọdún Ussher sí etí ojú ìwé, títí tí àwọn èèyàn fi rò pé Mósè ló kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbèjà 6,000 ọdún, ìṣirò ará Ireland kan ló ń gbèjà.

Ẹ wá mú ìṣirò náà wálé. Lọ́dún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga nítòsí abúlé Dufuna, níbi tó ti di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ni irinṣẹ́ rẹ̀ bá kan igi nísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ibẹ̀ tán, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá, ó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ kì í ṣe ọwọ́ ọmọṣẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ta ló gbẹ́ ọkọ̀ yìí, bí a kò bá tíì dá ayé nígbà náà? Orí odò wo ló sì ti wà á?

Ti ilẹ̀ Yorùbá tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítòsí Ìsarùn, níbi tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Lọ́dún 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wú eegun ènìyàn kan níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ yanturu òkúta tí wọ́n ti ṣá di irinṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn ọjọ́ orí rẹ̀, ó bọ́ sí àárín 11,000 sí nǹkan bí 16,000 ọdún. Lọ́dún 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún agbárí náà wọ̀n fínnífínní. Ó gùn, ó sì pẹlẹbẹ. Ó jọ ti àwọn ènìyàn tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ju bó ṣe jọ tiwa lọ. Ẹ̀rí rè é nínú ilẹ̀ wa pé ìtàn bí ènìyàn ṣe di ènìyàn gùn, ó sì ní ẹ̀ka púpọ̀. Síbẹ̀, ọmọ SS3 ní Ẹ̀gbẹ́dá mọ orúkọ erékùṣù Galápagos tí Darwin lọ, kò sì gbọ́ Ihò Eléérú rí. Ta ni ká bi?

Ó wá kan ìkún omi Nóà. Èyí gan-an ni mo fẹ́ jókòó tì, nítorí òun ni wọ́n fi ń dá gbogbo ìbéèrè nípa fọ́sìlì lóhùn.

Ẹni tó bá ti kọ́lé ní Alímọ̀ṣọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, torí omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ kan. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń wọlẹ̀ lọ, wọ́n á máa kó ohun tó ń tú jáde sílẹ̀ ní òkìtì kéékèèké, òkìtì kan fún ìwọ̀n jíjìn kan. Ilẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà iyanrìn aláwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, lẹ́yìn náà iyanrìn funfun tó gbé omi. Ẹ bi ọ̀gá wọn pé èwo ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, òkè ni àbí ìsàlẹ̀. Kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti ìsàlẹ̀ ló ṣáájú. Nicolas Steno sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1669, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì lẹ́yìn náà. Kò sí ohun tí òfin yẹn fi lòdì sí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Tí wọ́n bá wá ń gbẹ́ ilẹ̀ Èkó lọ láìdúró, wọ́n á la iyanrìn àti amọ̀ kọjá, wọ́n á sì kan òkúta ẹfun nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òkúta yìí kan náà ló yọrí sókè ní Ewékorò lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. Ẹ mú àfọ́kù rẹ̀ kan lọ́wọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ìkarahun ìgbín òkun wà nínú rẹ̀, ìṣáwùrú wà, àwọn ẹ̀dá tíńtínní tí ń gbé inú òkun wà. Eyín ẹja ekurá náà wà nínú àwọn òkúta ibẹ̀. Wọ́n bí, wọ́n dàgbà, wọ́n kú, wọ́n rì sísàlẹ̀ òkun tí kò jìn, tó bo ibẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun òkú wọn ló kóra jọ di òkúta. Òun ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sun, tí wọ́n ń dì sínú àpò fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi fọ́sìlì kọ́ ilé ìjọsìn tí a ó ti dúró lórí pẹpẹ sọ pé fọ́sìlì kò ní ìtumọ̀.

Ìbéèrè mi fún àwọn onígbàgbọ́ ìkún omi ni pé, bí omi kan bá gbá gbogbo ayé mọ́lẹ̀ láàárín ọdún kan, tó pa erin, ewúrẹ́, ẹyẹ, ìgbín àti ènìyàn pọ̀, kí ló dé tí kò fi kó wọn sí ojú kan náà? Kí ló dé tí wọn ò rí egungun ewúrẹ́ kan ṣoṣo nínú òkúta ẹfun Ewékorò? Ní Goronyo, ní Sokoto, wọ́n wú egungun ẹranko afàyàfà ńlá kan tó gbé inú òkun nígbà tí àwọn dáínósọ̀ ṣì wà láyé. Goronyosaurus ni wọ́n sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Sokoto, tó jìnnà sí òkun tó bẹ́ẹ̀! Àwọn kan á ní, "Ẹ ò rí i, ìkún omi ni." Ó dáa. Níbo ni eegun ènìyàn tó bá a rì wà? Níbo ni ti màlúù? Ti àgùntàn ńkọ́? Gbogbo ayé ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún ohun tó lé ní 200 ọdún, wọn ò tíì rí eegun ènìyàn kan nínú òkúta kan náà pẹ̀lú dáínósọ̀. Ìkún omi wo ló ní làákàyè tó báyìí, tó fi ń ya ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní ìran-ìran, tí kò ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan?

Bí èyí ò bá tó, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wa epo rọ̀bì. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga epo ní Niger Delta, àwọn onímọ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wo ohun tó ń bá erùpẹ̀ jáde: lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́, àti ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun tí ojú lásán kò lè rí. Irú tí wọ́n bá rí ló máa sọ fún wọn pé ìpele wo ni wọ́n dé, bóyá wọ́n ti sún mọ́ epo tàbí wọ́n ti kọjá rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé àwọn ẹ̀dá yẹn tò tẹ̀lé ara wọn nínú ilẹ̀, ti àtijọ́ nísàlẹ̀, ti ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, bákan náà nínú kànga yìí àti nínú kànga tó wà ní ọ̀pọ̀ máìlì síbẹ̀. Owó gọbọi ni wọ́n ń ná lórí kànga kan. Ilé-iṣẹ́ epo wo ló fi ìkún omi Nóà wá epo rí? Díákónì tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì mọ̀ pé fọ́sìlì tò. Kí ló dé tó fi ń gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ nìyẹn. Adam Sedgwick, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó tún jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ òkúta ní Kéńbíríìjì, ti gbà ní gbangba lọ́dún 1831 pé ìkún omi kan kò lè ṣàlàyé ohun tí òun rí nínú ilẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ọdún 28 ṣáájú kí ìwé Darwin tó jáde. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tún jí ọ̀rọ̀ náà dìde: George McCready Price pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1923, lẹ́yìn náà Whitcomb àti Morris lọ́dún 1961. Ibẹ̀ ni a ti kó o wọ Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ òyìnbó, kó kọ́kọ́ wo ibi tí tirẹ̀ ti wá.

Ti ọ̀bọ tó ṣì wà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwórì ló ni ilẹ̀ tí a wà yìí, ìtàn wọn sì sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni Ògúnfúnminíre ti jáde, tó tẹ̀lé àwo lójú omi títí dé Ìṣẹ́rí. Ṣé a wá gbọ́dọ̀ bá Ifẹ̀ lófìfo kí á tó gbà pé Àwórì ti ibẹ̀ wá? Kò sí onímọ̀ kankan tó sọ pé ọ̀bọ orí igi lónìí bí wa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwa àti ìnàkí ní baba ńlá kan náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún sẹ́yìn, tí ìdílé náà pín, tí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, tó sì yí padà lọ́nà tirẹ̀. Aládùúgbò wa ni Chad. Nínú aṣálẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti rí agbárí tí wọ́n ń pè ní Toumaï lọ́dún 2001, ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 7. Ọpọlọ rẹ̀ kò ju ti ìnàkí lọ, ṣùgbọ́n eyín ajá rẹ̀ kéré, ó ti ń sún mọ́ irú tiwa.

Wọ́n ní kò sí ẹ̀dá agbedeméjì. Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí pé ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n wà. Ẹ wo àbùùbùtán. Ẹja kọ́ ni. Ó ń mí afẹ́fẹ́, ó ń bí ọmọ láàyè, ó sì ń fún un lọ́mú. Bí wọ́n bá la ara rẹ̀ lónìí, wọ́n á bá eegun ìbàdí kékeré méjì nínú ẹran rẹ̀, tí kò so mọ́ eegun ẹ̀yìn. Báwo ni eegun ìbàdí ṣe dé ara ẹ̀dá tí kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn?

Ilẹ̀ ti dáhùn, ó sì dáhùn ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ní Pakistan, wọ́n wú eegun àwọn ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Eegun etí wọn jẹ́ irú ti àbùùbùtán. Eegun ọrùn ẹsẹ̀ wọn sì bá ti màlúù, ewúrẹ́ àti erinmi mu. Ẹ wá sí Togo. Ní Kpogamé àti Hahotoé, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sfétì, àwọn onímọ̀ fọ́sìlì, Philip Gingerich àti Henri Cappetta, ṣàpèjúwe àbùùbùtán àtijọ́ kan lọ́dún 2014, wọ́n pè é ní Togocetus. Nǹkan bí mílíọ̀nù 45 ọdún ni, ẹbí tó sì ti wá ṣì ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nàìjíríà náà ní tirẹ̀: nínú ilẹ̀ Ameki, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, ni wọ́n ti rí èyí tí C. W. Andrews fún lórúkọ lọ́dún 1920. Pappocetus lugardi ló pè é, ó fi orúkọ Lugard sọ ọ́. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ìwé ti gbé e jáde, a sì ń sọ fún ọmọ wa pé kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí! Lọ́dún 2019, wọ́n kéde òmíràn láti Peru, nǹkan bí mílíọ̀nù 42 ọdún. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pé, pátákò kéékèèké sì wà níbẹ̀. Àwọn tó wú u jáde ní ó jọ pé láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti la òkun kọjá. Nígbà tó fi máa di mílíọ̀nù 37 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó wà ní Wadi al-Hitan ní Íjíbítì ti di ẹran òkun pátápátá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ti kéré débi pé kò lè gbé wọn mọ́, síbẹ̀ eékún àti ọmọ ìka wà lára rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó lágbára, ẹsẹ̀ tó ń kéré, ẹsẹ̀ tí kò wúlò fún ìrìn mọ́, lẹ́yìn náà eegun ìbàdí méjì nínú ẹran. Ó tò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú òkúta, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ rí?

Ọ̀rọ̀ òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé wọ́n fi orúkọ sáyẹ́ǹsì tẹ́ wa. Lọ́dún 1906, ní New York, wọ́n gbé ọmọ Kóńgò kan, Ota Benga, sínú ilé ìnàkí ní ọgbà ẹranko kí àwọn èèyàn máa wá wò ó. Àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ló dìde, tí wọ́n pariwo, tí wọ́n fi mú un jáde. Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ìwé Darwin ni wọ́n kà kí wọ́n tó kó wa lẹ́rú? Ó ti lé ní 300 ọdún tí wọ́n ti ń kó wa kí ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1859, Bíbélì ni wọ́n sì ń ṣí, tí wọ́n ń ka ègún tí wọ́n ní Nóà gé fún ọmọ Hámù. A ò torí ìyẹn ju Bíbélì nù. A sọ pé wọ́n ṣì í lò. Èé ṣe tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ níbí?

Ẹ sì wo ohun tí eegun náà fúnra rẹ̀ sọ. Àwọn òyìnbó fẹ́ kí baba ńlá ènìyàn jẹ́ ará Yúróòpù. Lọ́dún 1912, wọ́n gbé agbárí Piltdown jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yọ̀ mọ́ ọn, irọ́ gbáà sì ni. Nígbà tí Raymond Dart fi ti Taung láti South Africa hàn wọ́n lọ́dún 1925, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Eegun ló bá wọn wí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn tú irọ́ Piltdown fó lọ́dún 1953, ti Taung sì dúró. Eegun ènìyàn tí wọ́n rí ní Jebel Irhoud ní Mòrókò tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Eegun tí wọ́n ń pè ní Lucy, láti Ethiopia, lé ní mílíọ̀nù 3 ọdún. Gbogbo aráyé, dúdú àti funfun, Áfíríkà ni orísun wọn. Kò sí ìwàásù tó já ìgbéraga òyìnbó nídìí tó èyí, àwa la sì wá ń kọ́ ọmọ wa láti kọ̀ ọ́.

Ti ìwà ẹranko, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń jí owó ìlú kó ní Nàìjíríà, mélòó nínú wọn ló gba Darwin gbọ́?

Ẹ wá jẹ́ ká wo inú ẹ̀jẹ̀ ara wa. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Alímọ̀ṣọ́ kò ní so yigi fún ẹnikẹ́ni láìrí ìwé genotype tọkọtaya. AS àti AS, wọ́n á ní kí wọ́n tún un rò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ẹkún fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin pásítọ̀, ṣé ẹ ti béèrè rí pé kí ló fa S yìí tó fi pọ̀ lára wa tó bẹ́ẹ̀, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin fi jẹ́ AS? Ibà ni. Onímọ̀ kan, Anthony Allison, fi hàn lọ́dún 1954 pé ọmọ tó jẹ́ AS ń la ibà tó ń pa ọmọdé já ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ AA lọ. Níbi tí ẹ̀fọn bá ti ń pa ọmọ, àwọn AS ló ń yè láti bímọ, S sì ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Lọ́dún 2018, Daniel Shriner àti ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀, Charles Rotimi, tọpa rẹ̀ dé ìbẹ̀rẹ̀: ara ẹnì kan ṣoṣo ló ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Ẹfolúṣọ̀n nìyẹn. Kòkòrò ibà náà ṣe tirẹ̀: chloroquine tó ń wò wá sàn tẹ́lẹ̀ ò ràn án mọ́, ìjọba ní láti yí oògùn padà lọ́dún 2005. Ẹ gba àbájáde rẹ̀ nínú ìwé genotype, ẹ gbà á ní ilé oògùn, ẹ wá ní kí ọmọ má gbà á ní kíláàsì.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Ọ̀gá nínú àwọn bàbá ìjọ, Augustine, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bí lọ́dún 354 ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, kọ ìwé lórí Jẹ́nẹ́sísì, ó sì kìlọ̀ fún Kristẹni pé kó má máa sọ ìsọkúsọ nípa ohun tí aláìgbàgbọ́ pàápàá mọ̀ dájú nípa ayé, kó má baà sọ Ìwé Mímọ́ di ẹ̀sín. Òun náà ló rí i pé ọjọ́ kẹrin ni oòrùn dé nínú Jẹ́nẹ́sísì, tó sì béèrè irú ọjọ́ tí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́. Póòpù John Paul Kejì sọ lọ́dún 1996 pé ẹfolúṣọ̀n ti kọjá àbá lásán. Ìjọ Kátólíìkì ò wó. Àwa Yorùbá náà sì mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìtàn ìṣẹ̀dá. A ń sọ pé Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n sọ̀kalẹ̀, pé adìyẹ ọlọ́mọ-ìka-márùn-ún tan ilẹ̀ ká. Ta ló gbé ṣọ́bìrì lọ sí Ifẹ̀ láti wá ojú ẹsẹ̀ adìyẹ? Ẹni tó ni wá àti ibi tí a ti jáde ni ìtàn yẹn ń sọ fún wa. Jẹ́nẹ́sísì ń sọ Ẹni tó dá wa; erùpẹ̀ ló sọ pé Ó lò. Ọlọ́run wo ló kéré débi pé bí Ó bá lo mílíọ̀nù ọdún láti mọ erùpẹ̀ yẹn, Ó ti di irọ́?

Nítorí náà, mo ń sọ fún olùkọ́, mo ń sọ fún pásítọ̀ àti ààfáà, mo sì ń sọ fún òbí: ẹfolúṣọ̀n ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹran inú òkun Togo fẹsẹ̀ rìn rí. Ẹni tí wọ́n wú nínú Ihò Eléérú wà láyé kí ọdún tí Ussher kà tó bẹ̀rẹ̀. Àwa àti ìnàkí jẹ́ ìbátan, àwa àti gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí sì jẹ́ ẹbí. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ má gbà á gbọ́ ń kọ́ ọ ní irọ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, kó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọlọ́run tí mò ń sìn ló ṣe é bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí rẹ̀.